Ìka Mẹ́ta Kì Í Ṣe Ibà: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ìpalára Lẹ́nu Iṣẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jọra. Ẹnìkan ṣèṣe níbi iṣẹ́, ọ̀gá ní kí wọ́n jẹ́ kó parí sínú ilé, ará ilé sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀, torí ó kan ohun kan tó ti wà lọ́kàn mi fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ń lagi ní ìsọ̀ pákó ní Bódìjà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ayùn ẹ̀rọ gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Súpáfáísọ̀ wọn ló gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá sanwó ìtọ́jú, ó tún fún wa ní ₦150,000, ó wá ní kí ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé kan pé òun ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ òsì ló fi kọ orúkọ rẹ̀. Ní báyìí kò lè di ayùn mú. Bàbá ọkọ mi ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀, pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ṣé ó ti parí náà nìyẹn?* (Ìyá Ìbejì, Bódìjà)

Ìyá Ìbejì, kò tíì parí o. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ kú ìrójú.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀. Òwe tí wọ́n pa kò burú, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ló yẹ kí wọ́n pa á sí. Ohun tí òfin là sílẹ̀ fún ọkọ yín kì í ṣe ẹjọ́. Lábẹ́ òfin àtijọ́, ọ̀gá gan-an ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ tí òṣìṣẹ́ bá ṣèṣe, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń sá fún un, tí wọ́n sì ń pa ọ̀rọ̀ mọ́. Lọ́dún 2010, ìjọba àpapọ̀ fagi lé òfin yẹn, wọ́n sì ṣe tuntun. Ti ìsìnyí dà bí adójútòfò. Oṣooṣù ni agbanisíṣẹ́ ń dá owó sínú àpò kan tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń mójú tó, ó kéré tán náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà tó bá san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àpò yẹn ló ń tọ́jú ẹni tó bá ṣèṣe. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ọkọ yín wá fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n máa wò ni pé ṣé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣèṣe. Nítorí náà, tí ọkọ yín bá béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló ń bá jà, wọ́n ṣì lè máa kí ara wọn ní Bódìjà.

Ìwé tó fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ sí, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Òfin kò fún òṣìṣẹ́ láyè láti bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ òun. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá.

Ní ti àkókò, ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé òun ti ṣèṣe, tó bá sì ti sọ ọ́ fún mánéjà tàbí súpáfáísọ̀, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn. Súpáfáísọ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọkọ yín lọ sí ọsibítù, nítorí náà ibi iṣẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá ló wá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi máa béèrè owó náà ní ọdún kan. Ẹ ti lo oṣù mẹ́rin, ó ku mẹ́jọ. Ẹ má dúró de ìgbà tí ọwọ́ máa san tán.

Ẹ lọ sí ọsibítù yẹn, kí ẹ gba ìwé ohun tí dókítà ṣe. Ẹ ya àwòrán ọwọ́ náà àti ìwé tó fọwọ́ sí. Ẹ wá alẹ́ẹ̀tì báǹkì tó fi hàn iye tó ń gbà, àti orúkọ ẹni méjì tí wọ́n jọ wà nídìí ayùn lọ́jọ́ náà. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì NSITF tó wà ní Ìbàdàn níbí. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá ní ìsọ̀ yẹn kò forúkọ sílẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ padà sílé: NSITF ló lágbára láti lépa ọ̀gá fún gbogbo owó tó yẹ kó ti san, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí rẹ̀. Tí wọ́n bá ń fi òní dọ́la fún yín, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ wà ní Sẹkitéríàtì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkọ̀làbà.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí bàbá àgbà gbọ́. Orúkọ tí à ń pe owó yìí, *gbà-má-bínú*, wà lára ohun tó ń pa wá lára. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọ̀gá ló ń bẹ òṣìṣẹ́, pé tí òṣìṣẹ́ bá ti gba ìwọ̀nba tí wọ́n fún un, tó ní òun ò bínú mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọkọ yín lè má bínú sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ìka rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, owó náà sì jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kọ̀wé báyìí. Ní 1993, akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan wà lọ́dọ̀ mi tí à ń kọ ìjàǹbá sí: ọjọ́, orúkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú tí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú ìbòrí rẹ̀ kúrò kí iṣẹ́ má baà falẹ̀ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń mú un kọjá níwájú fèrèsé mi. Àkísà tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ ni wọ́n fi di ọwọ́ náà, òróró dúdú ṣì wà lára ẹ̀. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mánéjà wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Ó ní, "Ibà ni kó o kọ." Mo kọ ibà. Mo ní ọmọ méjì nílé, mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé wọ́n á tọ́jú ọmọ náà. Àpò ìrẹsì kan àti owó ọkọ̀ ni wọ́n fún un.

Ó tó ọdún kan kó tó padà wá, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n fẹ́ àkọsílẹ̀ tí wọ́n máa mú lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Mo ṣí ìwé náà síwájú wọn. Ibà ló wà níbẹ̀, èmi ni mo sì kọ ọ́. Ọmọ náà wo ọ̀rọ̀ yẹn, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wá ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Mi ò tíì gbàgbé "ẹ ṣeun" yẹn. Ìgbà tí wọ́n jáde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé òfin kà.

*Ẹ káàárọ̀, Màmá. Kásúà ni mí ní ilé iṣẹ́ kan, àmọ́ kọ́ńtírátọ̀ ló gbà mí, òun ló ń sanwó fún mi. Mò ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ nígbà tí ọ̀kadà tí mo gùn forí sọ mọ́tò ní Challenge, ẹsẹ̀ mi kán. Ilé iṣẹ́ ní kí n lọ bá kọ́ńtírátọ̀. Kọ́ńtírátọ̀ ní mi ò tíì dé ibi iṣẹ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀.* (Kásúà, Apáta)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Àwọn méjèèjì kàn ń gbá ẹ sọ́dọ̀ ara wọn bíi bọ́ọ̀lù ni. Òfin 2010 kò yọ kásúà sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ẹni tó gbà á náà wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣàdéhùn. Ẹni tó gbà ẹ́, tó ń sanwó fún ẹ, ni kó o kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kó o sì mú ẹ̀dà kan fún ilé iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà wà nínú òfin. Ẹni tó bá ṣèṣe lójú ọ̀nà láàárín ilé rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí. Bákan náà ni ti ọ̀nà ibi tó ti máa ń jẹun àti ibi tó ti ń gba owó iṣẹ́. Àmọ́ agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti mọ ibẹ̀ ṣáájú. Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí fiyè sí. Àdírẹ́sì wo lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí wọ́n gbà yín? Ẹni tó ti kó láti Apáta lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ láti ọdún méjì, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ò sì mọ̀, ó ti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi jiyàn. Ẹ lọ ṣe àtúnṣe rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀nà kọ́ńtírátọ̀ yìí ló wá gbòde kan báyìí, kò sì dùn mọ́ mi. Ilé iṣẹ́ á gbé òṣìṣẹ́ lé kọ́ńtírátọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni pé ewu náà ti tẹ̀ lé ìwé lọ. Ẹ̀rọ tó ń gé ọwọ́ kò mọ ẹni tó ń sanwó oṣù. Àwọn kọ́ńtírátọ̀ kan wà tó jẹ́ torí kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ìjọba gbà ni wọ́n ṣe ń wá ìwé ẹ̀rí NSITF, torí wọ́n máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á sanwó lórí ènìyàn mẹ́wàá, ọgbọ̀n ènìyàn á sì máa ṣiṣẹ́ fún wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe òótọ́ á ní kí kọ́ńtírátọ̀ kó orúkọ wá, á sì kà wọ́n lórí.

*Màmá, kàṣíà ni mí ní ilé epo. Wọ́n fìbọn jà wá lólè lálẹ́, wọ́n gbé ìbọn sí mi létí. Wọn ò lù mí. Láti ọjọ́ náà mi ò rí oorun sùn, tí alùpùpù bá dúró lẹ́yìn mi ara mi á máa gbọ̀n. Ọ̀gá ní ẹ̀jẹ̀ ò kúkú jáde lára mi.* (Abẹ́kẹ́, Mókọ́lá)

Abẹ́kẹ́ mi, kò dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde. Òfin mọ̀ pé ohun ẹ̀rù tó déédéé ṣẹlẹ̀ síni lẹ́nu iṣẹ́ lè pa ọkàn lára bí ọ̀bẹ ṣe ń pa ara lára, ó sì fi í sára ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Dókítà tí wọ́n fọwọ́ sí ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ sí ọsibítù UCH lọ́sẹ̀ yìí, má tijú ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá yí ẹ nípò tàbí ó bá ẹ wí ni inú rẹ fi bà jẹ́, òfin ò ka ìyẹn mọ́ ọn. Tìrẹ yàtọ̀, ìbọn ni. Ní 2022, Nàìjíríà tún fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí ìwà ipá àti ìfìtínà lẹ́nu iṣẹ́. Sọ fún ọ̀gá rẹ, kí ẹ má sì máa ka owó níta mọ́ tílẹ̀ bá ti ṣú.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé búrẹ́dì ní Mọ́níyà, òṣìṣẹ́ méje ló wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní NSITF. Fúláwà ti wọ́n, díísù ti wọ́n. Bí ọmọ ni mo ṣe mú wọn, tí nǹkan bá ṣe wọ́n, èmi náà ni màá tọ́jú wọn. Kí ni mo wá fẹ́ máa sanwó yẹn fún?* (Ìyá Oníbúrẹ́dì)

Ìyá Oníbúrẹ́dì, mo gbà yín gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń gba ₦70,000, iye tó kéré jù tí òfin 2024 fọwọ́ sí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦490,000. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦4,900 lóṣù. Àpò yín ló ti máa jáde o, ẹ ò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn. Wàyí o, ká má rí i, tí ọ̀kan nínú wọn bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀, ohun tí òfin ní kí wọ́n máa rí gbà ni ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, ìyẹn ₦63,000 lóṣooṣù. Ọmọ á máa jẹ nínú rẹ̀ títí tó fi máa pé ọdún 21 tàbí tó fi máa parí yunifásítì. Bó ti wù kí inú yín dára tó, ṣé ilé búrẹ́dì kan lè dá ìyẹn gbé?

Èyí tó ká mi lára ju owó lọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣèṣe lọ́dọ̀ yín rárá. Ẹ dìde lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, kí ẹ lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rólà tí wọ́n fi ń tẹ fúláwà. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ kàn máa wo ọwọ́ ọmọ tó wà nídìí ẹ̀. Ó máa ti fúláwà sí i láàárín irin méjèèjì, á gbà á lódìkejì, á tún ká a, á tún tì í. Nígbà tó bá tó ogójì ìgbà, ẹ máa rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń súnmọ́ irin ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Oorun ti ń kun ojú rẹ̀. Apá aṣọ rẹ̀ gùn, okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀ ń fì níwájú. Ẹ wá bi í pé, "Tí irin yìí bá di ìka ẹ mú báyìí, báwo lo ṣe máa pa á?" Tí bọ́tìnì tó ń pa á bá wà lára ògiri lọ́hùn-ún, ẹ ti rí ìjàǹbá yín kó tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ọ̀gá lọ́kàn ni kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìbọ̀wọ́ fún ẹni tó wà nídìí rólà. Irin tó ń yí á fa ìbọ̀wọ́ wọlé tọwọ́tọwọ́, ọwọ́ tí ì bá yọ bọ́rọ́ kò ní yọ mọ́. Wẹ́dà ni kí ẹ pè, kó ṣe irin ìdábùú tí ọwọ́ ò ní lè kọjá, kí oníṣẹ́ iná mànàmáná sì gbé bọ́tìnì tó ń pa ẹ̀rọ náà wá sí ibi tí orúnkún tàbí ìgbáròkó ọmọ náà á ti lè kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má wà nídìí rólà ju wákàtí méjì lọ kí ẹlòmíràn tó gbà á. Tí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, èéfín rẹ̀ tí imú kì í gbọ́ lè pa gbogbo wọn níbi tí wọ́n ti ń sinmi. Ẹ sì dákun, ẹ má ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lóru nítorí olè. Ní 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú lóru, ìlẹ̀kùn wà ní títì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló kú síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé ṣí látinú ni kí ẹ lò.

Ẹ ra ìwé kan sí ilé búrẹ́dì náà. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ ni kí wọ́n máa kọ síbẹ̀: irin fa apá aṣọ lágbájá, aṣọ ya, páànù gbígbóná já lọ́wọ́ tàmẹ̀dù. Ẹni tó bá kọ ọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fi bínú sí ẹnì kan ni wọ́n máa jáwọ́. Kí wọ́n sì máa kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

*Màmá, orí áàpù ni mo ti ń rí iṣẹ́, mò ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ káàkiri. Wọ́n ní mi ò kí ń ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé a jọ ń ṣòwò ni. Tí mo bá ṣubú ńkọ́?* (Ọmọ Ìbàdàn, Ìwó Róòdù)

Ọmọ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lo wà yìí, kì í sì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀. Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Èkó kò gbà pé òṣìṣẹ́ ni awakọ̀ Uber. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba sọ ní tiwọn pé àwọn awakọ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ òṣìṣẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó ń dá iye owó lé iṣẹ́ rẹ, tó lè tì ẹ́ mọ́ta tó o bá pẹ́, tó tún mọ ibi tó o wà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, òun ni ọ̀gá rẹ. Àmọ́ tí o bá ń dúró de òfin, o lè ṣubú kó tó dé. Béèrè lọ́wọ́ àwọn áàpù náà bóyá wọ́n ní adójútòfò fún ẹni tó ń gun alùpùpù, kí o sì ka ibi tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró pọ̀ ní Ìwó Róòdù lè para pọ̀ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò kan. Owó á wálẹ̀ tí ẹ bá pọ̀.

Tó bá wá ṣẹlẹ̀, tí ojú rẹ ṣì là, kí wọ́n tó gbé alùpùpù dìde, ya àwòrán ohun tó wà lójú fóònù rẹ: nọ́ńbà iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ, aago, àti ibi tó o wà. Tí o bá dé ọsibítù, sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹnu iṣẹ́ lo wà. Dúró tì í títí á fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú káàdì rẹ.